Díráífù Kejì fún Orin Bàbá

Bódìjà,
Ìbàdàn.
Ọjọ́ kejìdínlógún, Oṣù Kejì, ọdún 1988.

Táyé mi ọ̀wọ́n, àbúrò mi tó sáré wá sáyé,

Mo kí ọ tọkàntọkàn, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gbàgbọ́ pé ìwé yìí yóò bá gbogbo yín lórí ìdúró, àti pé òtútù Leeds kò tíì sọ ọ́ di ẹni tó ń wé bùláńkẹ́ẹ̀tì lọ síbi iṣẹ́. Ara àwa náà le níbí, àfi ọyẹ́ tí kò fẹ́ lọ lọ́dún yìí. Ètè gbogbo wa ti bó, Wándé ọkọ mi kò sì lè rẹ́rìn-ín mọ́ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi òrí pa ẹnu. Ó ní kí n kí ọ, ó sì ní òun ṣì ń retí fọ́tò tí o ṣèlérí. Bàbá ń kí ọ. Ọ̀rọ̀ Bàbá ló pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ, nítorí náà wá ibì kan jókòó sí.

Díráífù tí o rà ránṣẹ́ ti dé, kò sì fọ́. Kí Olúwa má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbẹ. Moróunkẹ́, ọ̀rẹ́ ìyàwó rẹ tí o fi í rán, kò gbà kí wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ẹrù yòókù. Orí itan ló gbé e sí láti London títí dé Ìkẹjà, ó fi nápíkìn ọmọ rẹ̀ wé e bí ẹni gbé ìkókó. Ó ní obìnrin òyìnbó kan tó jókòó tì í ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, títí tó fi yọjú wo inú aṣọ, tó rí i pé irin ni. Obìnrin náà kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi balẹ̀.

Nígbà tí mo kọ̀wé bẹ̀ ọ́ pé kí o bá mi wá a, ẹ̀rù ni mo fi kọ ọ́, n kò sì ṣàlàyé tán. Ìwọ náà sì ṣe bí ọmọ ìyá ẹni, o kọ́kọ́ rà á kí o tó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe. Jẹ́ kí n wá sọ ọ́ wàyí. Kọ̀ǹpútà kékeré tí mo fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé títẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àgbowó, díráífù kan ṣoṣo ló bá wá. Díráífù yìí ni àpótí pẹlẹbẹ inú rẹ̀ tó ń ka dísìkì, ìyẹn àwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń kó ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, tó sì ń kọ nǹkan sórí rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀, orí dísìkì ló ń gbé. Bí mo bá ti pa iná, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò rántí ohun kan mọ́.

Orí dísìkì kan ni gbogbo orin Bàbá wà. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ olórí akọrin ní ìjọ wa ní Ṣàngó, wọn kò kọ orin kankan sílẹ̀ rí. Orí ni wọ́n ń kó wọn pamọ́ sí, wọ́n á ní ẹni tó bá ń kọ orin Ọlọ́run sínú ìwé, ó ń múra àtigbàgbé ni. Ní ọdún tó kọjá, lẹ́yìn tí ojú wọn ti ṣú tí wọn kò lè ka Bíbélì mọ́, àwọn fúnra wọn ló pè mí pé kí n máa gbé kọ̀ǹpútà wá sílé ní òpin ọ̀sẹ̀. Wọ́n á máa pè é, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí a fi dé orí èyí tó kẹ́yìn. Ìjọ sì ti pinnu pé àwọn yóò tẹ̀ ẹ́ ní ìwé fún Ọdún Àjíǹde.

N kò ní ẹ̀rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sórí bébà. Ilé-iṣẹ́ kan ní Dùgbẹ̀ ni mo lọ, ọ̀gá ibẹ̀ gbà kí n lo tiwọn. Nígbà tí mo ki dísìkì Bàbá bọ inú kọ̀ǹpútà wọn, ó wò ó títí, ó ní kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Mo wọ takisí padà sí Àgbowó, mo kì í bọ inú tèmi, gbogbo orin sì yọ pé pérépéré. Mo tún gbé e lọ bá olùkọ́ kan ní yunifásítì tó ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn náà ní kò sí nǹkan kan.

Olùkọ́ náà ló wá là mí lọ́yẹ. Ó ní nǹkan kan ti yẹ̀ nínú díráífù mi, ó ti ń kọ̀wé wíwọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ló wọ́, ó lè ka ohun tó kọ, ṣùgbọ́n kò sí díráífù mìíràn láyé tó lè kà á. Ọjọ́ tí díráífù yẹn bá kú, orin Bàbá bá a lọ nìyẹn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà ni pé kí a wá díráífù tó pé, kí a fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan náà, kí ògbólógbòó máa kà á, kí tuntun máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ. Bí ọyẹ́ sì ṣe dé tòun ti eruku rẹ̀, ògbólógbòó bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Mo gbìyànjú láti máa da àwọn orin náà kọ láti ojú kọ̀ǹpútà. Ó fún mi ní díẹ̀, ó há, kò fẹ́ ṣí mọ́ títí di ọjọ́ kejì. Mo bá fi í sílẹ̀ kí ó sinmi de tìrẹ.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí Bàbá kò kàn tún wọn pè. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin kan, wọ́n fi òmíràn parí rẹ̀. Wọ́n tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n ní kí n bá àwọn gbé omi wá. Wọ́n ṣì mọ gbogbo wa o, wọ́n sì ṣì ń pa Wándé lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi lọ́dún tó kọjá, wọn kò ní i lọ́wọ́ tán mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ irú ìwé tí mo kọ sí ọ.

Ọ̀gá Sàláwù tó ń tún rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Ṣàngó ló bá wa ṣe é. O kò mọ̀ ọ́n, lẹ́yìn tí o lọ ló kó dé. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé òun kò fi díráífù sínú kọ̀ǹpútà rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tú tẹlifíṣọ̀n tó sì tò ó padà kò yẹ kó sá fún àpótí kékeré. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló wá. Ilé níbí la ti ṣe é, nítorí Bàbá ní ojú àwọn ni kó ti ṣe é, àwọn tí ojú wọn kò ríran.

Bàbá gbé ìgò omi àdúrà wọn jáde láti yàrá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wọ́n ọn sí inú kọ̀ǹpútà kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Sàláwù, Mùsùlùmí rere, wò mí, mo wo Wándé, Wándé wo àjà. Èmi ni mo wá rí ọgbọ́n dá. Mo ní, “Bàbá, ẹsẹ̀ ló ń gbé ara dúró. Ẹ jẹ́ ká wọ́n ọn sí ẹsẹ̀ tábìlì.” Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi mọ́gbọ́n dání. Ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gba ìbùkún, tèmi náà gbà lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbàdúrà tó gùn. Ọ̀gá Sàláwù ń ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, ìgbà kan wà tí àmín rẹ̀ ṣáájú àdúrà.

Táyé, inú kọ̀ǹpútà yẹn há. Wọ́n fi ipá kó nǹkan sínú rẹ̀ bí ẹni di ẹrù Mẹ́kà. Àyè tuntun náà wà lábẹ́ ti àtijọ́ gan-an, irin pelebe kan ló dí ojú rẹ̀, ìyẹn la kọ́kọ́ yọ. Àwọn ìṣó tó bá díráífù wá gùn jù, Ọ̀gá Sàláwù ní bí a bá lọ́ wọn wọlé, wọ́n á gún nǹkan nínú. Ó fi ti rédíò rọ́pò wọn. Orí wáyà tó ń gbé iná lọ kò ju ọ̀kan lọ, ó bá pín in sí méjì, ó fi òjé tó fi ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe jó o pọ̀. Wándé di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń tàn án sí ojú Ọ̀gá Sàláwù lọ́pọ̀ ìgbà ju inú kọ̀ǹpútà lọ. Èmi ń kó ìṣó sínú ṣọ́sà kí ọ̀kan má baà sọnù.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ ni wáyà pẹlẹbẹ tí ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá láti kọ̀ǹpútà lọ sí díráífù. Wáyà kan ṣoṣo ni, ó ní ibi méjì tí a lè so díráífù mọ́. Ọ̀kan wà ní àárín, ọ̀kan wà ní ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀gá Sàláwù bi mí pé, “Màmá Ṣọlá, èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì?” Mo ní èyí tó ti wà ńlẹ̀ ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó ṣíwájú, kí àbúrò tẹ̀ lé e.” Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí gbogbo wa. Bàbá pàápàá mi orí láti orí àga wọn, wọ́n ní ilé tí àbúrò bá ti ń ṣíwájú ẹ̀gbọ́n kò ní tòrò. A fi ògbólógbòó sí àárín, níbi tó ti súnmọ́ kọ̀ǹpútà jù. A fi tuntun sí ìparí, bí ọmọ tó gbọ́n.

Mo ki dísìkì tí a fi ń jí kọ̀ǹpútà sínú ògbólógbòó, bí mo ṣe máa ń ṣe láràárọ̀. Mo tan iná. Ó kùn, ó dákẹ́, ó kọ ọ́ sójú pé òun kò rí dísìkì. Mo pa á, mo tún tàn án. Bákan náà ni. Òógùn bo Ọ̀gá Sàláwù nínú ọyẹ́. Wándé rọra sọ sí mi létí pé a ti ba èyí tí a ní jẹ́ lórí èyí tí a ń wá. Ohun tó wà lọ́kàn èmi náà nìyẹn. Bàbá bi wá pé, “Kẹ́hìndé, ṣé ó ti ń sọ̀rọ̀?” Mo ní, “Ó kù díẹ̀, Bàbá.” Ohùn mi kò dùn létí èmi fúnra mi. Mo ń rò ó pé báwo ni n ó ṣe sọ fún wọn, báwo ni n ó sì ṣe kọ ọ́ sí ọ.

Ọ̀gá Sàláwù ní ohun tó kù ni kí a yọ tuntun kúrò, bóyá ògbólógbòó á padà sí ipò rẹ̀. Mo ní kí ó jẹ́ kí n tan iná lẹ́ẹ̀kan sí i kí n wò ó dáadáa. Díráífù kọ̀ọ̀kan ní iná pupa kékeré níwájú tó máa ń tàn nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń bá a sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí n kò wo ojú kọ̀ǹpútà, iná yẹn ni mo tẹjú mọ́. Tuntun ló kọ́kọ́ tàn. Kọ̀ǹpútà ń kọjá lára èyí tó wà ní àárín, ó ń lọ kí èyí tó wà ní ìparí wáyà kó tó kí ẹnikẹ́ni. Dísìkì kò sì sí lẹ́nu ìyẹn, ni kò fi dá a lóhùn.

Àbí ta ló yẹ kó yé bí kò ṣe èmi? Gbogbo ayé mi ni mo ti fi ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn àlejò. Mo ní, “Ọ̀gá Sàláwù, ẹ má yọ nǹkan kan. Ìdí wáyà lọ́hùn-ún ni ẹ̀gbọ́n ń gbé. Ẹni tó gbẹ̀yìn ni ẹ̀gbọ́n.” Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tí oòrùn pa. Mo ní, “Táyé ló kọ́kọ́ jáde, àmọ́ ta ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò?” Ni ọkùnrin náà bá jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní àwọn ìbejì wà nílé òun, òun sì ní láti mọ̀. A pààrọ̀ wọn, ògbólógbòó lọ sí ìparí, tuntun wá sí àárín. Mo tan iná, ó sì jí. Má bínú, Táyé mi, ẹ̀rọ òyìnbó náà ti jẹ́rìí pé èmi ni ẹ̀gbọ́n.

N kò jẹ́ kí ayọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Mo yọ dísìkì ìjí, mo ki ti Bàbá sínú ògbólógbòó, mo ki òfìfo sínú tuntun, mo pàṣẹ kí ó máa dà á kọ. Iná òkè tàn, iná ìsàlẹ̀ tàn, wọ́n ń gbà á fún ara wọn. Ògbólógbòó ń ha gbururu, ó ń dúró, ó ń tún gbéra. Ìgbà kan wà tó dúró pẹ́ tí Ọ̀gá Sàláwù yọ fìlà. Bàbá di apá àga wọn mú. Nígbà tó parí, tí mo ka orúkọ àwọn orin náà lórí dísìkì tuntun tí ọ̀kan kò sì dín, mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mo ní, “Bàbá, ó ti pé.” Wọ́n fi ọwọ́ wá orí mi rí, wọ́n gbé e lé e, wọn kò gbé e kúrò bọ̀rọ̀. Mo sunkún, mo sì rẹ́rìn-ín, Wándé tan tọ́ọ̀ṣì sí mi lójú.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè mo gbé dísìkì tuntun lọ sí Dùgbẹ̀, kọ̀ǹpútà ibẹ̀ sì kà á bí ẹni mu omi. Odidi òkìtì bébà ni mo gbé bọ̀ wá sílé. Láti ìgbà náà, bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, èmi á máa ka orin kọ̀ọ̀kan sókè, Bàbá á sì máa kọ ọ́. Ohùn ti dínkù, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ka ìlà àkọ́kọ́, orin náà á wọlé tọ̀ wọ́n wá. Àwọn aládùúgbò ti ń gbé àga wá síwájú ilé wa. Bàbá sì ń dá mi dúró pé ọ̀rọ̀ báyìí kọ́ ni àwọn pè, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n pè gan-an nìyẹn. Inú wọn dùn, Táyé. Ó pẹ́ tí mo ti rí wọn báyìí.

Ní alẹ́ àná la kan èyí tí wọ́n kọ nígbà tí wọ́n gbé àwa méjèèjì dé láti ilé ìwòsàn. Bóyá o ti gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó lọ báyìí:

Méjì l’O fi ta mí lọ́rẹ,
Apá mi méjèèjì kún;
Báwo ni n ó ṣe pàtẹ́wọ́, Baba?
Ẹnu nìkan ló kù fún mi.

Bàbá la ẹnu, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ méjì àkọ́kọ́, wọ́n dúró. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dúró. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ti sá mọ́ àwọn lọ́wọ́. Èmi gbìyànjú láti ràn wọ́n lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwọ mọ irú ohùn mi, èmi tí wọ́n máa ń sọ fún nínú ẹgbẹ́ akọrin pé kí n kàn máa la ẹnu. Bàbá mi orí, wọ́n ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi àwọn àgbà ìjọ léèrè láàárọ̀ yìí. Màmá ì bá mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n Màmá ti lọ. Àwọn tó kù ní ìwọ nìkan lo máa ń dá a kọ ní ìkórè, àwọn kàn ń gbọ́ ọ ni. Nígbà tí mo padà wálé, n kò tíì sọ nǹkan kan tí Bàbá fi ní, “Táyé mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ orin náà ti wà lórí dísìkì báyìí, ó wà lórí bébà, kò ní sọnù mọ́ láé. Ohùn rẹ̀ kò sí níbì kankan láyé àfi ní ẹnu rẹ. Ọdọọdún lo máa ń kọ̀wé pé ó di ọdún tó ń bọ̀, èmi náà á sì dáhùn pé kò burú. Lọ́dún yìí n kò ní dáhùn bẹ́ẹ̀. Ọdún Àjíǹde ku díẹ̀. Bọ̀ wá sílé, wá kọ ọ́ sí Bàbá létí nígbà tí etí wọn ṣì wà ńbẹ̀ láti gbọ́ ọ.

Olúwa tó fi wá sínú ikùn kan náà yóò jẹ́ kí a tún jókòó yí tábìlì kan náà ká. Ọ̀nà rẹ yóò là, ọkọ̀ òfúrufú yóò gbé ọ ní gbígbé ire, àwọn ọmọ rẹ yóò mọ ilé baba wọn, o kò sì ní bá òfo pàdé. Àmín.

Èmi ni ìkejì rẹ, tí ẹ̀rọ ti fọwọ́ sí pé òun ni ẹ̀gbọ́n,
Kẹ́hìndé.

Àfikún: Mo ka ìwé yìí sí Bàbá létí kí n tó dì í. Wọ́n mọ ohun tí o máa fẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí pé àwọn kò fẹ́ kásẹ́ẹ̀tì.